Ẹ̀rọ Tí Ó Fá Orí Ọ̀rọ̀

Àpótí kéékèèké ni ẹ̀rọ náà fi dá Bàbá Àmì lóhùn. Níbi tí ó yẹ kí “ẹ” wà, àpótí. Níbi tí ó yẹ kí “ọ́” wà, àpótí mìíràn, tí ó gbé àmì ìbéèrè sínú bí aboyún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ débi pé ènìyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko tẹ̀ sí abẹ́ àwòrán náà ti dà bí ẹnu arúgbó: eyín kan wà, méjì ti ká.

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó tún un tàn. Àpótí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan, níbi tí ó ti máa ń ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí ó sì máa ń fi báírò pupa fa àṣìṣe inú rẹ̀ yọ. Àwọn atẹ̀wé ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Àmì, nítorí pé bí àmì ohùn kan ṣoṣo bá sọnù nínú ìwé olójú-ewé igba, yóò rí i, yóò sì bú ẹni tí ó sọ ọ́ nù. Ó ti dá káàdì ìgbéyàwó kan padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí, nítorí pé wọ́n fi àmì sórí “ọkọ” tí ó fi di pé mọ́tò ni ìyàwó náà fẹ́ fẹ́.

Aránṣọ ni ìyàwó tirẹ̀. Àìsàn kan kọ lu obìnrin náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí àìsàn náà ń lọ, ó mú etí rẹ̀ méjèèjì dání. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ròkè ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fèsì, àfi kí ó kọ ọ́ sórí síléètì tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti máa ka ètè. Ètè kì í fi ohùn hàn: ẹnu tí ó pe “ìgbà” àti ẹnu tí ó pe “igbá”, bákan náà ni wọ́n ń là.

Lẹ́yìn àìsàn náà ni ó lọ gbé oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó tún ìkòkò ilé ìdáná tò, ó pààrọ̀ àkókò tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn, ó sì ní kí àna òun dẹ́kun fífi bàtà wọ pálọ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gba síléètì, ó kọ ọ́ sí i pé: “Màmá, ilé mi nìyí. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ẹbí mi bí mo ṣe fẹ́.” Ìyá náà di ẹrù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjì, ẹnìkan kò kọ̀wé sí ẹnìkejì.

Fídíò ni ọmọ náà fi já ìdákẹ́jẹ́ náà. Fídíò yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà kámẹ́rà ńlá ni ó gbé síwájú ara rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fáìlì náà wúwo débi pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Bàbá Àmì ní ń gbé e bí ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè: ó rìn, ó dúró, ó mí. Ohùn nìkan ni ó rí fi ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí àkókò tirẹ̀ àti àmì kọ̀ọ̀kan sí ipò tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀.

“Ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ máa wò bí ó bá ń sọ ọ́,” ni ó wí. “Bébà kì í tijú, bébà kì í sunkún. Ẹ lọ wá ẹ̀rọ tí yóò gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n fún mi.”

Bí ẹ̀rọ tí ń yọ àpótí ṣe wọ ilé nìyẹn: nǹkan dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì ki fíláàṣì bọ̀ nídìí.

Ẹni tí ó tà á ni ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòsíṣòro, nítorí pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó ní fún oníbàárà nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ ń jó lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí tóóró, tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà sì ń fi bọ́ọ̀lù kan náà hàn lára ògiri.

“Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò lábùkù,” ni ó wí. “HD gidi ni. Ẹ wo bí àwòrán ṣe mọ́!”

“N kò bá ọ sọ ti àwòrán. Ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi.”

“Àpótí... ‘mi’... àpótí, àpótí.” Kòsíṣòro bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tí ẹ kó bà lé orí ọ̀rọ̀ yìí ni kò yé e, Bàbá.”

“Ẹyẹ kọ́. Àmì ni.”

“Kò sí ìṣòro. Ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú fíláàṣì yín. Lọ́la, màá ti tún un ṣe, èmi fúnra mi ni màá sì gbé e wá sílé.”

Ó yẹ kí Bàbá Àmì bi í pé báwo ni yóò ṣe tún un ṣe. Kò bi í. Ní ọjọ́ kejì, ilé ìtẹ̀wé ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá bá àwọn ka ìwé ìṣirò kan, ó sì lọ.

Nígbà tí ó padà dé lọ́sàn-án, rìmóòtù ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kọ nílẹ̀ pálọ̀. Bátìrì rẹ̀ kan ti yí sábẹ́ àga. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń tú ojú ìrán aṣọ kan tí kò ní àléébù kankan.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí láìgbójú sókè. “Ọ̀rẹ́ yín oníwáyà ti wá. Ó so ẹ̀rọ, ó na àtàǹpàkò sókè sí mi, mo dúpẹ́, ó lọ. Mo sì ti rí ohun tí ọmọ yín fi ọdún méjì rò.”

Ọkọ rẹ̀ mú síléètì. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni ẹ ń bi mí? Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ tẹ̀ ẹ́? Ọmọ yín wẹ̀, ó kun ojú, ó jókòó, ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní, ‘Ẹbí yín kọ́, Màmá, ẹbí mi ni.’ Mi ò wò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí mo fi pa á. Ọmọ tí mo lóyún! Ẹbí mi kọ́! Ṣé wọ́n rà mí mọ́ àga inú ilé ni?”

Ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Àmì. Ó he bátìrì, ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó sì wá ibẹ̀ kàn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fi ọjọ́ mẹ́rin wọṣọ fún dúró níwájú rẹ̀ níhòòhò: “Ebi yin ko, Mama, ebi mi ni.” Àpótí ti tán, òótọ́ ni, ohun gbogbo yòókù náà ti bá a lọ. Kòsíṣòro ti fá gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí kodoro.

Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sórí síléètì: “Ẹ̀BI! Ẹ̀bi yín kọ́, ẹ̀bi mi ni. Ó ń tọrọ àforíjì!”

Obìnrin náà kà á, ó sì fi imú rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ọmọ yìí ni ẹ ti ń bá a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá bú mi, ẹ ó ní àdúrà ni ó ń gbà fún mi. Ẹ wá tún èyí náà ṣe.” Ó na fóònù rẹ̀ sí i.

Òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé sí ọmọ náà, láìfi àmì sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: “Mo ti ka a. Ebi re ni.” Ọmọ náà sì ti fèsì: “Mo gba, ma. E se gan.”

“Mo ní ẹbí rẹ̀ ni, kí ó máa mú un lọ. Ó gbà! Ó tún dúpẹ́!”

Bàbá Àmì ka ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí i débi pé ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ìyá kọ ẹbí, ọmọ ka ẹ̀bi. Ọmọ gba ẹ̀bi, ìyá rò pé ẹbí ni ó gbà. Ní wákàtí yìí gan-an, ọmọ náà wà nílé rẹ̀, ó rò pé ìyá òun ti wo ẹkún òun tán, ó sì dá òun lẹ́bi.

Ó nu síléètì, ó kọ ọ́ pé: “Bí àmì bá hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣé wàá wò ó dé òpin?”

“Kí ó hàn ná,” ni obìnrin náà wí, ó sì kọjú sí ìránṣọ rẹ̀.

Kí ó tó jáde, Bàbá Àmì da ọ̀rọ̀ àti fídíò rẹ̀ sínú fíláàṣì mìíràn láti inú kọ̀ǹpútà, níbi tí ọwọ́ Kòsíṣòro kò tíì dé, ó sì tú ẹ̀rọ dúdú náà dání. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni ó ń bú ara rẹ̀. Òun tí kò jẹ́ kí káàdì ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni jáde láìkà á, òun ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ òun wọlé lọ bá ìyá rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, èébú tí ó kù fún ẹlòmíràn ti gbóná dáadáa.

“Ta ní ní kí o fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mi?”

“Bàbá, ẹ rọra. Ṣé kò hàn ni?”

“Ó hàn! Bí ìhòòhò ṣe ń hàn ni ó ṣe hàn!”

“Àmì lásán ni mo yọ. Ta ló ń kọ àmì lóde òní? Èmi kì í kọ ọ́, ọ̀rọ̀ mi sì ń yé ìyàwó mi.”

“Ìyàwó rẹ ní etí!”

Bàbá Àmì fa páálí kan ya, ó kọ gbólóhùn náà sí i láìní àmì, ó sì tì í sí i nímú. “Kà á sókè.”

“Ebi... ṣé ebi ń pa wọ́n ni? Rárá o. Ẹn-ẹ́n: ‘Ẹbí yín kọ́, Màmá, ẹbí mi ni.’” Ó mi orí. “Háà, ọ̀rọ̀ burúkú rèé! Ta ló la ẹnu sọ èyí sí ìyá rẹ̀?”

“Ìwọ ni.” Bàbá Àmì gba páálí náà, ó fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ báírò náà débi pé páálí ń lu. “Èyí ni ohun tí ọmọ mi sọ.”

Ọkùnrin náà kà á. Ó tún un kà. Ó la ẹnu láti sọ gbólóhùn rẹ̀ kan ṣoṣo, kò jáde. “Mo na àtàǹpàkò sí Màmá,” ni ó wá wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Kó gbogbo ẹ̀rọ tí o ní jáde.”

Èkíní yọ àpótí. Èkejì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó gbé àmì ohùn lé orí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e, bí ọ̀mùtí tí ó dé fìlà sí èjìká. Ẹ̀kẹta fi ohun gbogbo hàn pérépéré, Bàbá Àmì sì ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí àwòrán gan lójijì: ohùn ń lọ, ẹnu dúró. Agbára rẹ̀ kò ká fáìlì tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹ ṣáà máa mú un bẹ́ẹ̀, Bàbá. Bí ó bá gan, ẹ kàn...”

“N kò ní kàn ṣe nǹkan kan! Ojú ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ rí, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ ńkọ́?”

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ti họ, tí wọ́n fi téèpù dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù sí tẹlifíṣọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

“Tèmi nìyẹn. N kò tà á. Ọdún karùn-ún tí mo ti ń lò ó rèé.”

“Ki fíláàṣì bọ̀ ọ́.”

Kòsíṣòro ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà kò kọ́kọ́ mọ àmì, ṣùgbọ́n ó gbà kí ènìyàn yan irú lẹ́tà tí yóò máa lò, Bàbá Àmì sì ní irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé nílé ìtẹ̀wé nínú fíláàṣì rẹ̀. Wọ́n kó o wọlé, wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Lójú tẹlifíṣọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọmọ obìnrin kan náà ṣẹ́jú láìdúró, láìgan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jókòó lábẹ́ rẹ̀: “Ẹ̀bi yín kọ́, Màmá, ẹ̀bi mi ni.”

“Tú u fún mi.”

“Bàbá, ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́...”

“Mo ní kí o tú u!”

Kòsíṣòro tú u, ó sì gba èyí tí ó ti tà tẹ́lẹ̀ padà.

Nílé, ìyàwó Bàbá Àmì wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìṣẹ́jú kẹta, ó na ọwọ́ sí rìmóòtù, ó dá gbólóhùn náà padà, ó kà á, ó tún un dá padà. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ kí ó máa lọ. Ní ìṣẹ́jú keje, ọmọ náà ní òun kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí sórí síléètì nítorí pé òun kò jẹ́ fi ẹnu sọ ọ́ láéláé. Pé etí ìyá òun tí ó di ni òun fi ṣe ìgboyà, ìtìjú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí òun lè kọ̀wé fún ọdún méjì. Ó sunkún níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sún kúrò níbi tí ó jókòó.

Ó dé òpin, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú. Bàbá Àmì ń retí omijé. Ìbínú ni ó rí.

“Ẹ pè é. Kí ó hàn lójú fóònù.”

Ọmọ náà gbé e, ojú rẹ̀ ti wú. Kí ó tó kúnlẹ̀ tán, ohùn ìyá rẹ̀ ti gba ilé débi pé aládùúgbò ṣí fèrèsé.

“Ta ní sọ fún ọ pé ẹ̀bi rẹ nìkan ni? Èmi tí mo ń bá onílé tún ilé rẹ̀ tò ńkọ́? Òmùgọ̀ ọmọ! Mo kọ ẹbí, o ka ẹ̀bi, o sì gbà! Ìgbà wo lo ti di ẹni tí ń gba ohun tí mo bá sọ?”

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń sọ̀rọ̀ léraléra. Bàbá Àmì nawọ́ mú síléètì láti bá a kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, ojú rẹ̀ ni mò ń wò.” Ó sún mọ́ fóònù náà. “Kó àwọn ọmọ, kí ẹ máa bọ̀. Inú ṣì ń bí mi o. Ṣáà máa bọ̀.”