Àdán Márùn-ún Ara Pátákó Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, ogún náírà ni kóńgò gàrí kan ní Araromi. Ìjà àwa àti àwọn aládùúgbò wa lórí odò dé, ó di ọgọ́ta. À ń bú àwọn tó ń tà á, àwa náà sì ń fi owó lé ẹja.

Ìyá àgbà kan wà tí ilé rẹ̀ kan tiwa ní abúlé. Pátákó ńlá kan ló fi pín yàrá rẹ̀ sí méjì: awẹ́ mẹ́fà tó ṣeé ká pọ̀ bí ìwé, oje igi dúdú tí wọ́n fi kùn ún ń dán bí omi alẹ́. Ará Ṣáínà ló ṣe é. Bàbá bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ òkun wá ra epo. Wọ́n fi wúrà ya ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn sí i, àti òdòdó tó yọ lójú omi. Lókè pátápátá, àdán márùn-ún ń fò. Nítorí àdán yẹn ni àdúgbò fi ń pe ìyá ní àjẹ́. Òun a ní, "Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́ ẹ, kí ẹ lè máa kí mi dáadáa."

Nígbà tí ìjà súnmọ́ wa, oyún ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọ oṣù ìbí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lórí ẹnì kan ni ọlọ́kọ̀ ń gbà dé Igbókòdá, níbi tí ìjà kò dé. Ìyá pè mí: "Ìwọ tó lè ta omi fún ẹja, bá mi ta pátákó yìí."

Ọkùnrin kan wà ní Òde Ugbó tó ń ra nǹkan àtijọ́. Kí ó má baà rí àdán kó sá, mo fi ọ̀bẹ ẹja họ márààrún kúrò kí n tó gbé e lọ. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi.

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ta ló bà á jẹ́ báyìí?"

Mo ní, "Ikán ni, sà."

"Ikán tó mọ àdán yàtọ̀ sí ẹyẹ?" Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, ìbùkún ni àdán. Tó bá pé márùn-ún, ẹ̀mí gígùn ni, ọrọ̀, ìlera, ìwà rere àti ikú ìrọ̀rùn. Ogún ẹgbẹ̀rún ni ì bá san. Ó ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún mi.

Mo sọ fún ìyá pé iye tí pátákó náà tó nìyẹn. Ó ní, "Kò burú. O ṣeun, ọmọ mi." Ó ti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí èmi àti ìyá mi wọ̀, orí àwa méjì nìkan ni owó tiwa tó san fún. Ọlọ́kọ̀ ní òun á padà wá gbé ìyá àgbà. Kò padà. Nígbà tí a délé lẹ́yìn ìjà, eérú la bá, kò sì sí ẹni tó lè fi ibi tí ìyá sùn sí hàn wá.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ní fóònù. Ẹ óò ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ àdán kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Ẹnu àdúgbò ni fóònù tiwa, irọ́ ló sì máa ń pa jù. Ọmọ tí wọ́n bí ní Igbókòdá náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Tó bá rí mi, á kúnlẹ̀, á ní èmi ni mo bá ìyá àgbà òun tajà tí òun fi wà láyé. Èmi a rẹ́rìn-ín, èmi a fún un lẹ́ja. N kò tíì lè sọ fún un pé ohun tí ọ̀bẹ mi họ dànù lọ́jọ́ náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà.