Obìnrin Inú Ihò Òkè àti Àbúrò Tí Mo Sẹ́

Kékeré ni mo wà ní Kàbà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, nígbà tí Sísítà òyìnbó kan wá ń kọ́ wa níléèwé ìjọ Àgùdà. Láàárín òkè ló ti wá, nílẹ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní Baski, ní ìhà Sípéènì lọ́hùn-ún. Ó ń gbìyànjú láti gbọ́ èdè Owé wa. Bó bá ti kí wa pé "Òkun o," a ó máa fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi délé. Ọmọdé ò láàánú, ẹ̀yin náà mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí olúkúlùkù wa sọ ọmọ mélòó ló wà nílé wọn, kí òun lè fi kọ́ bí a ṣe ń ka nǹkan. Ó kàn mí. Mo ní, "Mẹ́ta ni wá, Sísítà." Mẹ́rin ni wá. Ìkẹrin ni àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Iye, bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, gbà pé àbíkú ni, torí ó ti sin méjì ṣáájú rẹ̀. Ó sì ti fà wá létí: "Ẹni yòówù tó bá bi yín, ẹ má kà á mọ́ ara yín. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbọ́, wọ́n á wá mú un." Ẹ sáà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Sísítà sọ ìtàn ilẹ̀ wọn fún wa. Ó ní obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mari, inú ihò òkè ló ń gbé, òòyà wúrà ló fi ń ya irun, bó bá sì fẹ́ lọ sórí òkè mìíràn, á gba ojú ọ̀run kọjá bí iná. Ó ní àwọn obìnrin kan tún wà létí odò wọn tí ẹsẹ̀ wọn dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rù ò bà wá, torí ẹbọra wà nínú àpáta tiwa náà, a sì mọ ibi tí àwọn àgbà ń gbé aṣọ funfun sí fún wọn. Ẹ̀yìn náà ló wá sọ èyí tó kù: darandaran tó bá ní àgùntàn mẹ́wàá, tó pè é ní mẹ́sàn-án, Mari á mú ọ̀kan tó sẹ́ náà. Ohun téèyàn bá sẹ́, ti Mari ni.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo fẹ́ nawọ́ kí n ní mẹ́rin ni wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbọ́. Bí n kò bá kà á, obìnrin òkè á mú un. Mo jókòó lé ọwọ́ mi títí agogo fi lù.

Kò pé oṣù kan tí éèyí wọ ìlú. Ó sú sí àbúrò mi lára, ojú rẹ̀ pọ́n, ikọ́ ò jẹ́ kó sùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ sin. N kò sunkún. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ fún mi, mo mu ún. Sísítà bi mí ohun tó ṣe mí, mo ní kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà, mo ṣe tíṣà, mo lọ́kọ, mo bímọ, n kò sì dárúkọ rẹ̀ rí.

Nígbà tí Iye darúgbó, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan tí a ń bó ẹ̀gúsí, mo ṣáà rí i pé mo ti sọ fún un bí mo ṣe sẹ́ àbúrò mi níwájú Sísítà. Ó bó mẹ́ta, ó bó mẹ́rin, kó tó dáhùn.

"Ìwọ kọ́," ó ní. "Kí éèyí ọdún yẹn tó dé, àwọn alábẹ́rẹ́ wá, wọ́n ní kí n kó ọmọ jáde wá gba abẹ́rẹ́ éèyí. Mo kó ẹ̀yin mẹ́ta jáde. Wọ́n bi mí bóyá ó ku ẹnì kan. Mo ní kò kù. Ó ń sùn nínú yàrá."

N kò sunkún lọ́jọ́ yẹn náà. A bó ẹ̀gúsí wa tán.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí àwọn alábẹ́rẹ́ bá dé lónìí pẹ̀lú àpótí yìnyín wọn, àwọn ọmọ ọmọ mi á sáré jáde, wọ́n á máa ka ara wọn sókè. Wọ́n ti fi Mari hàn mí nínú fóònù. N kò bínú sí i, kò mọ̀ wá rí. Ohun tó ń dùn mí, bí nǹkan bá ń dùn mí mọ́, ni pé èmi àti Iye jọ ń jẹun nínú àwo kan láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú, olúkúlùkù wa gbà pé òun nìkan ló pa ọmọ náà, ẹnì kankan nínú wa ò sì sọ fún ẹnì kejì títí èmi náà fi hu ewú.