Ewé Ẹgbẹ̀rún Ìyá Asel

Bí Zuura, ìyá Asel, bá fẹ́ràn nǹkan, àfi kí Ọlọ́run gba nǹkan náà sílẹ̀. Ológbò rẹ̀ kò lè fo odi mọ́ nítorí ọ̀rá. Ọ̀rẹ́ mi ni Zuura, odi kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé wa, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Ní ọdún tí ẹṣin gbé Jumabay ọkọ rẹ̀ ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, dókítà ní egungun ti jinná, ṣùgbọ́n bí kò bá rìn kí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀ tó parí, orúnkún á gan pátápátá, ó parí nìyẹn. Zuura gbọ́ "egungun ti jinná", kò gbọ́ ìyókù. Ó tẹ́ ẹní onírun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún un, ó ń bu bọ́tà lé búrẹ́dì rẹ̀, ó ń gbé abọ́ tíì dé ẹnu rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá nawọ́ sí ọ̀pá báyìí, á fi igbe ta: "Bàbá Asel, ẹ jókòó! Kí lẹ fẹ́? Mo ń bọ̀!"

Ọgbọ̀n ọdún ni Jumabay fi da àgùntàn lórí òkè Ala-Too nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí àwọn darandaran gòkè láìsí i, ó kọjú sógiri, kò jẹun. Zuura bá wọ ọkọ̀ gòkè lọ. Ewé ẹgbẹ̀rún ló wú bọ̀, ewé wẹ́wẹ́ olódòdó funfun tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró níbẹ̀. Ó gbìn ín síwájú fèrèsé, kí òórùn òkè lè máa fẹ́ sí ọkọ rẹ̀.

Ìfẹ́ nìyẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìgbẹ́ àgùntàn la fi ń dáná, òun la fi ń rẹ́ ilé, òun la fi ń bọ́ ọgbà. Agbọ̀n mẹ́ta ni Zuura kó lé ewé náà lórí, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ewé náà sanra, ó ga fíofío; bó ṣe yọ òdòdó báyìí, gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja. Zuura fi okùn so ó mọ́ igi, ó tún lọ gbé agbọ̀n.

Jumabay pè é láti ojú fèrèsé. "Ìyá Asel, ta ló ń pọnmi fún un lórí òkè?"

"Kí n wá fi ebi pa á ni?"

"Àárín òkúta ló ń gbé. Fi í sílẹ̀, á dúró." Ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. "Bó o ṣe ń ṣe mí náà nìyẹn."

Zuura sáré wá bá mi. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ sí mi?"

"Mo gbọ́. Òótọ́ ló sọ."

Ó pòṣé, ó jẹ búrẹ́dì mi, ó lọ.

Ṣùgbọ́n kí yìnyín tó bọ́, ó hú ewé náà. Àárín rẹ̀ ti kú. Ó gé ìyẹn dà nù, ó pín etí rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ó gbìn wọ́n sínú òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo rí i tó gbé garawa omi, tó tún gbé e kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ewé ẹgbẹ̀rún náà kò ga, ṣùgbọ́n ó le, ó sì dúró ṣánṣán láìsí okùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Zuura wà nídìí tábìlì nínú àgbàlá nígbà tí Jumabay, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Mo ní kí n di aṣọ Zuura mú, àṣé ó ti jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin náà ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó kọsẹ̀, ó di odi mú. Zuura di ojú. Nígbà tó là á, Jumabay ti dé ìdí òdòdó, ó já ewé kan, ó fi símú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyá Asel, tíì mi dà?"

Omijé ti bo ojú ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Ó wà lórí tábìlì níbí," ó wí. "Ẹ wá mú un."