Ẹní, Ìrọ̀rí àti Àbẹ́là Méjì

Oyún kẹrin ni. Mẹ́ta ti wálẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó pé oṣù márùn-ún nínú wọn. Lálùpọn là ń gbé nígbà náà, ọkọ mi ń ṣe tíṣà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ní Ìbàdàn ló sọ fún mi pé kí n máa sinmi lọ́sàn-án. Kì í ṣe oorun lásán o. Kí n tẹ́ ẹní, kí n dùbúlẹ̀ gbalaja, kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí, kí n fi aṣọ bo ojú, kí n máa mí díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi sọ̀rọ̀ títí wákàtí kan yóò fi pé. Ká ní ó ní kí n fi orí dúró ni, ǹ bá fi dúró.

Ìyá ọkọ mi wá láti Erúnmu láti tọ́jú mi. Aládùúrà pọ́ńbélé ni wọ́n, èmi sì rèé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi ìwé gbàdúrà. N kò fẹ́ràn wọn. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ wọn. Lójú tèmi, oyún nìkan ni wọ́n wá ṣọ́, bí ó bá sì tún lọ, kí n yáa di ẹrù mi.

Ìmúrasílẹ̀ fún ìsinmi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àkókò ju ìsinmi náà lọ. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n á gbálẹ̀ yàrá, wọ́n á lé ewúrẹ́ kúrò lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n tú ìrọ̀rí wa, wọ́n sá òwú inú rẹ̀ sóòrùn, wọ́n tún un rán. Wọ́n á ká ìró wọn sábẹ́ ìbàdí mi, wọ́n á ní ó ga jù, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ká. Èmi á máa bú wọn nínú ọkàn mi.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn fi àdúrà kún un. Ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti kán sí aṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́.

Wọ́n tan àbẹ́là kan síbi orí mi, ọ̀kan síbi ẹsẹ̀. Wọ́n fi sùtánà funfun wọn bò mí láti ọrùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí igun yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì rọra jáde lọ já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Oorun gbé mi lọ, irú èyí tí n kò sùn láti oṣù méjì.

Obìnrin tó ń yan gàrí ní ojúlé kejì ló wá dá ajọ̀ wa padà. Ó yọjú, ó rí aṣọ funfun, ó rí àbẹ́là lórí, ó rí i lẹ́sẹ̀. Kò tiẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹsẹ̀ òkú fi ga ju orí lọ. Ó figbe ta pé ìyàwó tíṣà ti kú.

Igbe yẹn ló jí mi. Kí n tó mú aṣọ kúrò lójú, mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi sáré wọlé, tí wọ́n wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tan àbẹ́là, ṣùgbọ́n igbe ti gba iyè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n di orí mi mú.

"Olúwa, ọmọ inú rẹ̀ ni kí o mú. Mú un. Fi ìyàwó mi sílẹ̀ fún mi."

Mo la ojú. Aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu wọn, wọ́n ń wo ikùn mi.

Ọjọ́ kẹta, oyún náà wálẹ̀.

Wọn kò jẹun. Wọ́n ní ẹnu àwọn ni àwọn fi pa á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu mi ni ì bá tù wọ́n nínú, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Inú ń bí mi, mo ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi, wọ́n sì ti fi ara wọn sílẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Odindi ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wò wọ́n níran.

Lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí oòrùn kàntàrí, mo rí i tí wọ́n tún tẹ́ ẹní, tí wọ́n gbé àpótí síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí la tún fẹ́ fi ṣe, nígbà tí kò sí nǹkan nínú mi mọ́.

"Ìwọ ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Dùbúlẹ̀."

Mo dùbúlẹ̀. Wọ́n ká ìró sábẹ́ ìbàdí mi. Ó ga jù, n kò sì wí nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fi aṣọ bo ojú, mo sì sọ fún wọn nípa ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé oyún ti ń lọ kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sunkún títí wákàtí náà fi pé, n kò sì ní kí wọ́n dákẹ́.