Oyèkẹ́mi bínú sí ìwé Armand

Massè ni wọ́n bí Oyèkẹ́mi sí, òun sì ni àkọ́bí bàbá rẹ̀ tó ń dá ẹmu. Ó lọ sílé ọkọ ní Tatonnonkon, ọkọ kú lọ́dún kẹsàn-án, ó kó ọmọbìnrin méjì padà wálé. Bàbá rẹ̀ mú un wọ oko, ó nawọ́. “Láti ibí dé etí odò, tìrẹ ni. Gbin ẹ̀gẹ́ sí i.” Ó gbìn ín fún ọdún mọ́kànlá. Gàrí tó yan níbẹ̀ ló fi rán Bernadette, ọmọ rẹ̀ àgbà, lọ sílé ẹ̀kọ́.

Bàbá kú. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí Fáwùnmí, àbúrò Oyèkẹ́mi ọkùnrin, fi kó àwọn ọkùnrin ìdílé wọ oko náà. Wọ́n fa gbogbo ẹ̀gẹ́ tu, títí kan èyí tí kò tíì ta rárá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni Fáwùnmí wí. “Obìnrin kì í jogún ilẹ̀ níbí.”

Bó ṣe di pé Oyèkẹ́mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Oko-Akarè nìyẹn, lọ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Armand dé láti yunifásítì ní Kùtọ́nù. Ó ní òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ènìyàn àti àṣà wọn, ọ̀rọ̀ ogún lòun sì fẹ́ kọ ìwé lé lórí. Ilé Fáwùnmí ló wọ̀ sí. Ó wá bá Oyèkẹ́mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oyèkẹ́mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un títí oòrùn fi kàn wọ́n lórí, ó sì sunkún níwájú rẹ̀. Armand kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́.

Nígbà tí ìwé náà parí, wọ́n pe gbogbo ayé sí gbọ̀ngàn kan ní Adja-Ouèrè kí Armand wá kà nínú rẹ̀. Faransé ló fi ń kà á. Oyèkẹ́mi ò gbọ́, àmọ́ ó rí i pé àwọn ọkùnrin iwájú ń mi orí.

“Kí ló wí?” ló bi Bernadette.

“Màmá, ó ní bí wọn ò ṣe ń fún obìnrin nílẹ̀ ló so agbo ilé pọ̀. Ó ní àṣà yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe, bí ẹ̀dọ̀ ṣe níṣẹ́ nínú ara.”

Oyèkẹ́mi dìde. Ẹni tó ń darí ìpàdé ní kó jókòó ná.

“N ò jókòó! Armand, ibo lẹkún mi wà nínú ìwé yẹn?”

Armand gbé ìwé sílẹ̀, ó fi èdè wa dá a lóhùn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa ni.”

“Ọ̀nà wo?”

“Ọ̀nà pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ ní àkàsọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń gùn, òyìnbó wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ojú ẹni tó làṣà ni ká fi wo àṣà rẹ̀. Àwọn kan ní àṣà kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tó ń ṣe kí ìlú má baà tú. Ìyẹn ni mo tẹ̀ lé. Àwọn mìíràn sì tún wà tó ń béèrè pé, ta ló ń jẹ èrè àṣà náà, ta ló ń jẹ ìyà rẹ̀?”

“O mọ ìbéèrè yẹn, o ò bi ẹnikẹ́ni?”

Armand bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé ìwé náà.

“Ojú ẹni tó làṣà! Èmi ńkọ́? Ṣé Fáwùnmí nìkan ló ni Massè ni? Ilé tí o ní ó so pọ̀, n ò tíì jẹ òkèlè kan níbẹ̀ látọjọ́ tí bàbá ti kú!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dójú tì wá lójú àlejò,” ni Fáwùnmí wí.

“Nígbà tí o ń fa ẹ̀gẹ́ mi tu, ojú ò tì ọ́.”

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òótọ́ ló sọ. Ìpàdé tú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Armand wá bá a ní Oko-Akarè pẹ̀lú ewé ìwé tuntun tó kọ ọ̀rọ̀ Oyèkẹ́mi sí. Bernadette túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí Armand ti kọ “obìnrin kan,” Oyèkẹ́mi dá a dúró.

“Obìnrin kan wo? Oyèkẹ́mi lorúkọ mi.”

“Màmá, a máa ń fi orúkọ pa mọ́, kí wàhálà má baà bá ẹni tó sọ̀rọ̀.”

“Wàhálà wo ló kù? Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Ó kọ ọ́.

Bernadette ti gbọ́ pé òfin orílẹ̀-èdè fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún, nítorí náà wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní Pobè. Ìdájọ́ ò tíì dé. Àmọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Oyèkẹ́mi ò dúró dè é. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ́ wọ ilẹ̀ etí odò. Fáwùnmí sáré lọ pe àwọn ọkùnrin ìdílé. Ẹni méjì péré ló tẹ̀ lé e wá, wọ́n sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò, títí ilẹ̀ fi kún fún ebè.