Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Kọ́ Láti Sé Èémí

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ní Agric, ní Ìkòròdú, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ilé ìwòsàn dé. Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn, ẹja ni wọ́n ń yan tà ní Ọjà Olúwo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí dókítà ti rí jẹjẹrẹ nínú ọmú òsì wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sùn, nítorí ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn púpọ̀ láti Ẹ̀pẹ́.

Wọ́n jókòó ti atẹ ẹ̀wà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì fún àwọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá bí ọmọ iléèwé. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ yóò máa ta sí àyà wọn láti pa jẹjẹrẹ náà lè kan ọkàn, kó sì bà á jẹ́. Bí ènìyàn bá fa èémí sínú dáadáa tó sì sé e, àyà á gbé sókè, ọkàn á sún kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mira títí nọ́ọ̀sì á fi ní kó mí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kò sí ohun tí yóò dáàbò bo ọkàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé kò ní nira. Ta ló ń sé èémí tó ẹni tó ń yan ẹja? A wọ yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo gbé ọwọ́ lé àyà wọn lápá ọ̀tún, mo ní kí wọ́n fà á sínú. Bí wọ́n ti sé e ni ojú wọn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká sì tẹ̀ lé e. A tún un ṣe, ojú tún yí. Mo mọ ohun tó fà á. Ìyá wa ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ nídìí ààrò: bí èéfín bá rú, o sé èémí, o yí ojú kúrò, ọwọ́ nìkan ni yóò máa yí ẹja. Ara wọn kò mọ̀ pé a lè sé èémí níbi tí kò sí èéfín.

Mo fi ìrọ̀rí há orí wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n bi mí bóyá ẹyin ni mo fẹ́ kó lọ sọ́jà. Síbẹ̀ èjìká wọn ń yí. Nígbà tí mo jáde, mo gbọ́ wọn nínú yàrá tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí iṣẹ́ tí àwọn fi tọ́ ọmọ wá di ohun tí yóò pa àwọn. N kò wọlé.

Nígbà tó yá tí mo padà wọlé, wọ́n dìde jókòó lórí ẹní, wọ́n ní ṣé mo rántí bí àwọn ṣe máa ń sé èémí lúwẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà nígbà èwe, tí àwọn á máa wo ìdí ọkọ̀ lókè. Mo ní mo rántí.

“Níbo lo ti máa rántí? Ìwọ tó ń dúró sétí omi bí adìyẹ.”

Wọ́n dùbúlẹ̀ padà, wọ́n la ojú sí àjà, wọ́n fa èémí. Àyà gbé sókè. Ojú kò yí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ìtọ́jú náà parí. Dókítà ní ọkàn wọn dára. Àmọ́ kí ọdún tó yí po, jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ní kí n gbé àwọn padà sí Ẹ̀pẹ́.

Ní òwúrọ̀ tí mo rí wọn gbẹ̀yìn, èémí wọn kúrú, ó ń já. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé àyà wọn, mo bẹ̀rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe é, pé kí wọ́n fà á sínú, kí wọ́n sé e díẹ̀. Wọ́n yí ojú sí mi.

“Mo ti jáde nínú omi, àbúrò mi. Jẹ́ kí n máa mí bó ṣe bá wá.”