Bí Dúdúyẹmí Ṣe Di Ọ̀rẹ́ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìlobù, tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí ni Alájì Tìjání, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti gbàgbé. Bàbá mi ti kú nígbà náà, abẹ́ Alájì ni èmi àti ìyá mi wà, ohun tó bá sì sọ nínú agbo ilé wa, abẹ gé e. Mo ti di arúgbó báyìí. Mo ti ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi máa ń ní kí n fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. N kò tíì ṣe tán láti fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí ayé ṣe rí ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé ogun Bìáfùrà. A ó ti pọnmi kún ìkòkò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ó gbálẹ̀, a ó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà méjì, ó di ilé-ìwé. Bí a bá dé lọ́sàn-án, òkòtó àti tẹńtẹ́ń ló kù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nílé wa tí kò sí ní ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi: èmi ọmọbìnrin ni mo ń kó ìgbẹ́ ẹṣin. Ilé ẹlẹ́ṣin ni ilé wa. Láti ayé bàbá bàbá wa, ọmọkùnrin kan láti ilé wa ló máa ń gun ẹṣin tẹ̀ lé àwọn ìjòyè lọ sí yídì ní ọjọ́ Iléyá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa dí imú bí mo bá ń kọjá. Èmi kò rí i bí òórùn burúkú. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn koríko tútù tó pò mọ́ òógùn ẹṣin, ara mi á rọ̀.

Ẹṣin tí a bá nílé kú, Alájì sì ra òmíràn wá láti Ìlọrin. Abo ẹṣin ni, ó dúdú bíi kóró iṣin, àmì funfun kékeré kan sì wà níwájú orí rẹ̀. Àwa ọmọdé la sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Ẹwà rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun. Ó bu ẹnì kan jẹ ní èjìká, ó ta ẹlòmíràn nípàá. Múkáílà, àkọ́bí Alájì, tó yẹ kó gùn ún, ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, orí èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ sá ló já sí, ó sì dìde, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi fa igi yọ sí wa.

Ohun tí Alájì ṣe kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó so ẹṣin náà mọ́gi nínú oòrùn, ó fi kòbókò nà án, kò sì jẹ́ kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Mo yọ́ lọ fún un ní ìrèké. Alájì ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó gbá mi létí, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé òkúta sókè, ó wá pe gbogbo ilé jáde.

Ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ Ìfọ́n! Ṣé òun ló fẹ́ wá kọ́ wa ní ẹṣin?"

Ìfọ́n ni wọ́n ti gbé ìyá mi níyàwó, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń rí láàárín ìlú méjèèjì. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohun tó sọ fún Múkáílà: "Bó bá gbé ọ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, tó sì gbé ọ padà wálé, kò ní kúrò nílé yìí títí yóò fi kú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, n ó dá a padà fún àwọn tó tà á, kí wọ́n lọ máa fi ru igi bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." Oṣù mẹ́ta ló kù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la gba ìsinmi, ìyá mi sì rán mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìfọ́n. Bàbá Ìfọ́n ti tọ́jú ẹṣin fún àwọn ènìyàn ní Ìlọrin nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ẹṣin pupa kan ló kù sí i lọ́wọ́, arúgbó bíi tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sóko láàárọ̀ láìsí okùn kankan láàárín wọn. Bí bàbá bá dúró láti kí ènìyàn, ẹṣin á dúró. Kíkí Yorùbá sì gùn, ẹ mọ̀; ẹṣin yẹn á dúró títí wọn á fi béèrè aya, ọmọ àti ewúrẹ́. N kò tíì rí ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo rojọ́ Dúdúyẹmí fún un. Kò bá mi sunkún. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àjọkẹ́, ta ló ní kí o lọ bá a? Jẹ́ kó wá bá ọ."

Ó kọ́ mi pé kí n wọlé ẹṣin lọ́wọ́ òfo, kí n jókòó, kí n kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ní ohun tó bá fẹ́ pa ẹran jẹ ló máa ń ranjú mọ́ ọn, ẹṣin sì mọ èyí ju ènìyàn lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ mi, kí n dìde, kí n jáde, kó lè rí i pé n kò wá gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Etí rẹ̀ ni kí n máa wò, ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ okùn, kí n fà á díẹ̀ péré, kí n sì dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ tó bá ti gbà. Ó fi ọwọ́ ara mi kọ́ mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń fà á. Bí mo bá ti tẹ̀ lé e báyìí, á tú mi sílẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, ó kàn ń na ìka sí mi ni, mo sì ń tẹ̀ lé e kiri àgbàlá.

Mo padà sí Ìlobù. Lójoojúmọ́, bí Alájì bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, ó di ọ̀dọ̀ Dúdúyẹmí. Ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bó bá rí Alájì lókèèrè, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í se àgbo fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹṣin kò yí ojú wò mí. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń ka ìwé mi sókè. Gbogbo ìlọ́po tí a kọ́ ní kíláàsì ni Dúdúyẹmí gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ka ìlọ́po mẹ́jọ lọ́wọ́, mo gbọ́ èémí gbígbóná lọ́rùn mi. Ó fi ètè rẹ̀ kan etí mi. Omi bọ́ lójú mi, mo sì dìde, mo jáde, gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe wí. Kò rọrùn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti na ọrùn jáde, ó ń wá mi.

Láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ń tẹ̀ lé mi yí àgbàlá ká. Bí mo bá sáré, á sáré. Bí mo bá dúró, á dúró. Mo gorí rẹ̀ láìsí gàárì, mo di gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Ibẹ̀ ni Múkáílà ká wa mọ́. Mo rò pé ó ti parí. Ọ̀gbẹ́ni náà wò wá títí, ó yọ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin.

Ó ní, "Ṣìfáwù, sọ bí mo ṣe máa jókòó fún mi. Ìbàdí ti ń dùn mí."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé, ẹṣin ti gba òun náà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, Alájì gbé ṣaworo jáde, ó tò ó yí ọrùn Dúdúyẹmí ká. Ó da aṣọ pupa tuntun bo ìdí rẹ̀, ó sì de kẹ́sẹ́ onírin mọ́ gìgísẹ̀ Múkáílà. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí ẹṣin kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó rù.

Nígbà tí a ń sún mọ́ yídì, àwọn ènìyàn kígbe, ṣaworo dún, ẹṣin dúró gbọin. Alájì kígbe pé, "Gún un!" Múkáílà gún un ní kẹ́sẹ́. Dúdúyẹmí fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró.

Ẹnì kan nínú èrò ní, "Alájì, ṣé ibí ni ẹṣin yín ti fẹ́ kírun ni?" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Alájì gbé kòbókò sókè. Mo mọ̀ pé bó bá fi bà á báyìí, ó di igi rírù nìyẹn. Mo já kúrò láàárín àwọn obìnrin. Mo lọ síwájú ẹṣin, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo dúró. N kò fọwọ́ kan ìjánu. Lórí ẹṣin níbẹ̀, Múkáílà tú kẹ́sẹ́ sọ nù, ó bọ́ ṣaworo kúrò lọ́rùn ẹṣin. Alájì sọ ọwọ́ kòbókò kalẹ̀ nítorí ojú àwọn ìjòyè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlọ́po mẹ́jọ. Kí n tó dé ìdajì, àgbọ̀n ẹṣin ti bà lé mi léjìká. Mo gbẹ́sẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la dé yídì, bẹ́ẹ̀ la padà wálé, n kò mú okùn lọ́wọ́.

Àwọn ìjòyè ní, "Alájì, ẹ mọ ẹṣin í kọ́ o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Lọ́sàn-án, tí ẹran Iléyá ń ta sánsán káàkiri ilé, ó fi kòbókò yẹn nà mí, pé mo jẹ́ kí obìnrin ṣíwájú ọmọkùnrin ilé wa lójú ìlú. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ó fi mí ránṣẹ́ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀. Ó ń pè é ní oore. Mo dé nígbà ìsinmi, ilé ẹṣin ṣófo. Láìka ìlérí rẹ̀ sí, Alájì ti dá Dúdúyẹmí padà fún àwọn ará Ìlọrin tó tà á. Ìyá mi ní ọkùnrin mẹ́fà ló tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ayé ti yí. Ọ̀kadà ló kún Ìlobù àti Ìfọ́n báyìí. Bí Iléyá bá dé, wọ́n á gbé ẹṣin wá nínú ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n á gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi fi fóònù hàn mí: òyìnbó kan ló kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin, ẹṣin ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Màámà, ẹ wo ìmọ̀ tuntun!" Bàbá Ìfọ́n kò mọ ìwé kà, ẹṣin kan kò sì sá fún un rí. Nígbà náà, àwọn bíi tirẹ̀ ní sùúrù fún ẹran, ṣùgbọ́n ìlú kò ní sùúrù fún ọmọbìnrin. Ní báyìí, àwọn ọmọbìnrin ń gun ohun tó bá wù wọ́n. Inú mi dùn sí i, mo sì ń jowú wọn.

Alájì pẹ́ láyé ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún tó kú, mo lọ kí i nítorí ìyá mi bẹ̀ mí. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ, mo fẹ́ dìde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ní, "Ṣìfáwù, ogójì ọdún ni mo fi gun ẹṣin, ọ̀kan kò tẹ̀ lé mi rí láìjẹ́ pé mo fà á."